Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbé síárìn mọ́tò rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì

Bí èèyàn bá gba ojú ọ̀nà Ìkòtún lọ sí Ìgàndò láàárọ̀, tàbí tó yà sí apá Ẹ̀gbẹ́dá, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Wọ́n á ti gbé mọ́tò kan lé orí bulọ́ọ̀kù lábẹ́ páànù, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń kọjá á máa rí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ lè sọ mọ́tò kan di òmíràn. Wọ́n lè yọ ẹ́ńjìnnì tó ti kú, kí wọ́n fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Wọ́n lè gé ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di akẹ́rù. Bí ẹnì kan bá sì gbé tòkunbọ̀ tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn, èyí tí síárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n lè gbé e wá sọ́wọ́ òsì kó lè bá títì wa mu.

Iṣẹ́ ẹni tí kò rí ìwé kà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí. Àìmọye òbí ló ti fi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì dẹ́rù ba ọmọ tó ń sá nílé ìwé, pé bí kò bá jókòó ti ìwé rẹ̀, ìdí táyà ló máa bá ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó kàwé jù láàárín gbogbo ọmọ Yorùbá, ọkùnrin tó gba oyè tí ọmọ Áfíríkà kankan kò gbà rí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Imperial ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ yìí gan-an lòun náà ṣe. Mọ́tò ìdílé rẹ̀ ló sì fi ṣe é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ni ọkùnrin náà. Ó ti lé ní 40 ọdún tó ti papò dà. Àwọn àgbàlagbà tó gbọ́njú ní àwọn ọdún 1970 mọ orúkọ rẹ̀ bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbé jáàkì lónìí, bóyá la fi rí ọ̀kan nínú mẹ́wàá wọn tó ti gbọ́ nípa rẹ̀.

ỌMỌ Ọ̀GÁ SITÉṢÀN RÉLÙWÉÈ

Ọ̀ṣọ́dì ni wọ́n ti bí Awójọbí, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 1937. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́ lónìí mọ̀ pé Ọ̀ṣọ́dì kò jìnnà, mọ́tò kan ṣoṣo ti tó débẹ̀ bí kò bá sí gosiló. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣọ́dì ìgbà náà kì í ṣe ibi tí ariwo kọ̀ńdọ̀ ti ń dí èèyàn létí. Ìlú kékeré lẹ́bàá ojú irin ni, lórí ọ̀nà rélùwéè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Ìddó ní ọdún 1896, tó kọjá ní Agége lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901.

Iṣẹ́ rélùwéè yìí ni bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ń ṣe. Ọmọ Ìkòròdú ni wọ́n, ọ̀gá sitéṣàn sì ni wọ́n. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ní tiwọn, òwò wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe ilé olówó rárá. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá rántí ìgbà náà mọ ohun tí ọ̀gá sitéṣàn jẹ́. Ẹni tí aago rẹ̀ kì í yẹ̀ ni, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ṣi àmì kan ṣoṣo fi han ọkọ̀, ẹ̀mí èèyàn lè bá a lọ. Ilé tí wọ́n ti mọyì aago àti ẹ̀rọ ni ọmọ náà dàgbà sí.

Ilé ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Fàájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti ọdún 1942 sí 1947. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Èkó Ìsàlẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ yìí wà nígbà náà, kí wọ́n tó kó o lọ sí Bárígà ní ọdún 1959.

Níbẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò kò ṣòro fún un, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ sísọ àti eré orí ìtàgé náà kò bà á lẹ́rù. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n sì ṣe eré Macbeth ti Shakespeare, ipa tó kó nínú rẹ̀ wọ àwọn èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Macbeth. Orúkọ náà bá a dàgbà. Ní ọdún 1955, ó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ mẹ́jọ ló sì ti gba máàkì tó ga jù lọ.

LÁTI ÌBÀDÀN DÉ SÁRÍÀ DÉ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà fún iṣẹ́ ọnà, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀ka ti Ìbàdàn, ló gbà á lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1958, ó yege níbẹ̀ nínú físíìsì àti oríṣi ìṣirò méjì, tayọtayọ ló sì fi yege. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì gba Sáríà lọ, níbi tí ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wà tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ibẹ̀ náà ló padà di Yunifásítì Ahmadu Bello ní ọdún 1962. Ọdún yẹn kan náà ni Awójọbí gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ipò kìíní ló sì fi gbà á.

Ìjọba tún ràn án lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Imperial. Ní ọdún 1966, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ó sì padà sílé láti máa ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà náà.

Ohun tó ń wádìí ní Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà sí ohun tí ará oko ń rí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ lábúlé ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá tan án, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ̀n. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbọ̀n, ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán náà ń gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, bó pẹ́ bó yá, sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ á sán, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kúrò ní ipò. Bí a ṣe lè fi ìṣirò mọ bí ilẹ̀ ṣe máa gbọ̀n lábẹ́ ohun tó wúwo ni iṣẹ́ tí Awójọbí àti ọ̀gá rẹ̀ Grootenhuis ṣe, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Royal Society, sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1965.

Ó tún padà sí Imperial nígbà tó yá láti tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nrìrì yìí. Ní ọdún 1974, wọ́n fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé àgbà nínú sáyẹ́ǹsì. Oyè yìí yàtọ̀ sí oyè ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Wọn kì í fún èèyàn nítorí pé ó lọ sí kíláàsì. Wọ́n máa ń kó gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí ẹnì kan ti ṣe jọ, wọ́n á gbé e yẹ̀ wò bóyá ó ti fi kún ìmọ̀ aráyé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ọmọ ọdún 37 ni. Nígbà tó dé Akọka, wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ipò tó kù díẹ̀ kó tó ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìròyìn oyè náà fi dé etí ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n pátápátá.

ỌJỌ́ TÍ TÍTÌ YÍ PADÀ

Kó tó di ìgbà náà, ohun ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo onímọ́tò ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti kó mọ́tò wọ ilẹ̀ yìí, apá òsì títì ni wọ́n ń wà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tiwọn. Síárìn mọ́tò náà á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n Dahomey, tó ń jẹ́ Benin báyìí, Níjẹ̀ àti Cameroon tó yí wa ká, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Awakọ̀ tó bá kọjá bodè ní láti yí gbogbo èrò orí rẹ̀ padà lójijì, jàǹbá kì í sì í jìnnà sí irú ibẹ̀.

Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, apá ọ̀tún ni gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ máa gbà. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde lọ́jọ́ náà bọ́ sí. Sierra Leone ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1971, Ghana sì tẹ̀ lé wa ní ọdún 1974.

Wọ́n lè yí àmì ojú títì padà láàárín òru kan, ṣùgbọ́n mọ́tò kì í yí padà lóru kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló wà nílẹ̀ tí síárìn wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Awakọ̀ tó bá jókòó sápá ọ̀tún ọkọ̀, tó sì ń gba apá ọ̀tún títì, ẹ̀gbẹ́ igbó ló jókòó sí. Tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ àfi tó bá ti gbé gbogbo imú mọ́tò bọ́ sí àárín títì. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ bolẹ̀kájà lásìkò náà mọ ohun tí a ń sọ.

OPEL INÚ ILÉ AWÓJỌBÍ

Opel Olympia Rekord ni mọ́tò tí Awójọbí ní nínú ilé rẹ̀, síárìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe Opel, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ General Motors ti Amẹ́ríkà ló ni iléeṣẹ́ náà láti ọdún 1929 títí di 2017. Ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ Olympia Rekord jáde. Mọ́tò ìdílé ni, kì í ṣe ọkọ̀ ìsáré. Kò sí ẹni tó máa ya ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu pé ó tà á, kó ra òmíràn. Awójọbí kò tà á. Ó gbé síárìn rẹ̀ wá sọ́wọ́ òsì.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé kò ju kí èèyàn tú ọ̀pá síárìn, kó sún un lọ sí òdìkejì. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí síárìn tó wà nísàlẹ̀, tó ń gba agbára ọwọ́ awakọ̀ lọ sí táyà, gbọ́dọ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì, irin àárín mọ́tò tó gbé e dúró sì gbọ́dọ̀ lágbára tó níbi tuntun náà. Bí èèyàn bá kàn dojú àpótí náà dé láìrò ó dáadáa, ó lè jẹ́ pé bó ṣe ń yí síárìn sọ́tùn-ún ni táyà á máa yà sósì. Búrèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ iná fún ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ kó tẹ̀ lé síárìn, pẹ̀lú gbogbo ọ̀pá àti páìpù wọn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbà náà tún máa ń ní ọ̀pá jíà lára síárìn, ìyẹn náà kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn. Aago ojú dáṣíbọọdù ń kó. Ohun tó ń nu òjò lójú gíláàsì gbọ́dọ̀ nu iwájú awakọ̀ tuntun. Iná iwájú pàápàá, wọ́n ti ṣe é kó máa tẹrí sí ẹ̀gbẹ́ títì kan. Tí wọn kò bá yí i, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa fọ́.

Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá jó irin síárìn pọ̀ níbi tí kò yẹ, tí ibi jíjó náà sì já lórí eré, awakọ̀ kò tún ní ohunkóhun lọ́wọ́ mọ́ ju irin roboto kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ ìṣirò ìgbọ̀nrìrì fi jẹ́ ẹni tó yẹ kó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìgbọ̀nrìrì ló máa ń já irin tí wọ́n jó, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ní ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Akọka ni Awójọbí ti máa ń tú ẹ́ńjìnnì wò, tó sì ń dán ohun tó bá rò wò. Kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé nìkan ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní orúkọ méjì mìíràn. Wọ́n ń pè é ní Òmìrán Akọka, wọ́n sì ń pè é ní Dead Easy, ìyẹn ni pé ohun tó le lójú àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀kọ jíjẹ ni lójú tirẹ̀.

MỌ́TÒ TÍ KÒ NÍ Ẹ̀YÌN

Iṣẹ́ tó tún wá ṣe lẹ́yìn Opel ló mú kí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri. Ó mú jíìpù kan, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń lò, ó sì tún un ṣe débi pé iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ di ọ̀kan náà. Ó fi síárìn kejì sí ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀. Jíìpù náà lè lọ síwájú, ó sì lè yí ìrìn padà láìyí ara padà, jíà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì lè lò ní ìhà méjèèjì. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Autonov 1.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀ ní jíà bíi mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń gbé e lọ síwájú, ṣùgbọ́n rífáàsì kan ṣoṣo ló ní, ó sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí awakọ̀ bá fi tipátipá sá eré pẹ̀lú rífáàsì, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í jà mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí táyà tó ń darí ti wà lẹ́yìn, ọrùn awakọ̀ náà sì ti yí. Kí mọ́tò tó lè sáré délẹ̀ ní ìhà méjèèjì, nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ yí padà pọ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lè gba inú gbogbo jíà dé táyà níhà kejì, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ lè dojú kọ ibi tó ń lọ, kó sì máa darí láti ibẹ̀. Awójọbí ṣe méjèèjì.

Kò ṣòro láti mọ ìwúlò rẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kìíní, ọdún 1970 ni. Ṣọ́jà tó bá wọ ọ̀nà igbó tóóró, tó sì bá ọ̀tá pàdé lójijì, kò ní àyè láti yí ọkọ̀ padà. Kó tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ìbọn ti ba. Àwọn ọmọ ogun Faransé ní ọkọ̀ ogun kan, Panhard EBR, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí awakọ̀ kan máa ń wà níwájú rẹ̀, tí òmíràn á wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ńlá ló ṣe ìyẹn láti ìpìlẹ̀, owó ìjọba ló sì wà nídìí rẹ̀. Jíìpù tó wà nílẹ̀ ni Awójọbí tún dá, ní yunifásítì kan ní Èkó.

Ní àwọn ọdún kan náà, ìran títún mọ́tò dá ti gba Amẹ́ríkà kan. Ní ọdún 1964, iléeṣẹ́ Pontiac, tí General Motors tó ni Opel ni náà, mú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tó tóbi, wọ́n fi sínú mọ́tò tí kò tóbi púpọ̀, wọ́n sì pè é ní GTO. Ọdún yẹn náà ni Ford gbé Mustang jáde, Carroll Shelby sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún Mustang ṣe fún eré ìje ní ọdún 1965. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń náwó lórí ariwo ẹ́ńjìnnì àti eré. Títí di òní, àwọn kan ń wá irú mọ́tò wọ̀nyẹn kiri, wọ́n ń tún wọn kùn, wọ́n sì ń tà wọ́n ní owó gọbọi.

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú Awójọbí, ìyẹn kí èèyàn má gba mọ́tò bí iléeṣẹ́ ṣe fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ìbéèrè tí oníkálùkù béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Tàwọn ni bó ṣe máa sáré sí i. Ti Awójọbí ni bó ṣe máa wúlò lórí títì wa.

OHUN TÍ ÀWỌN MẸKÁNÍÌKÌ WA MỌ̀

Kì í ṣe pé Awójọbí ló dá àṣà yìí sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn káfíńtà wa ló ń kan igi bolẹ̀kájà sórí ọkọ̀ tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn wẹ́dà wa ló ń sọ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 di mólúè tó ń kó èrò láti Ọ̀ṣọ́dì. Bọ́ọ̀sì Volkswagen ni wọ́n to àga sí tó di dáńfó. Ọgbọ́n náà ti wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa gbé ọgbọ́n náà wọ inú yunifásítì, tó máa fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, tí kò sì ní í kọ̀ kí ọ́yìlì dé ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1975, ìjọba gba ọ̀nà mìíràn. Iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ibi tí àwọn ará Ìgàndò máa ń dé tí wọ́n bá ti gba ìhà LASU kọjá. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀yà mọ́tò náà wá, ohun tí wọ́n ń ṣe níbí ni kí wọ́n tò ó pọ̀. Nígbà tí owó orílẹ̀-èdè yìí já wálẹ̀, ẹ̀yà kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iṣẹ́ sì dákẹ́ ní Ọ̀jọ́ láàárín àwọn ọdún 1990.

Autonov 1 kò dé ọjà. Kò sí iléeṣẹ́ tó gbé e, tó sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń ṣe fún títà. Bákan náà ló rí fún Z-600 tí Ọ̀mọ̀wé Ezekiel Izuogu fi han gbogbo ayé ní Owerri ní ọdún 1997. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan lè fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe ọkọ̀ kan. Kí ọkọ̀ kan tó di ẹgbẹ̀rún kan, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń rọ irin, ẹni tó ń ṣe táyà, báńkì tó ń yáni lówó, àti ìjọba tó máa kọ́kọ́ rà á. Awójọbí ní ọpọlọ, ó sì ní ọwọ́. Ìyókù kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá ní.

ÌJÀ TÓ GBÉ KÚRÒ NÍNÚ ẸRỌ

Bóyá ohun tó mú kó yíjú sí ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn, bóyá ó sì ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà àríyànjiyàn ní CMS. Àwọn èèyàn tó pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nítorí mọ́tò. Orí tẹlifíṣàn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, níbi tó ti ń darí ètò ìdíje ìmọ̀. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí pèpéle káàkiri àwọn yunifásítì.

Nígbà ìjọba alágbádá kejì, láàárín ọdún 1979 sí 1983, kò fi ẹnu sí ẹ̀yìn. Ó ń bèèrè ibi tí owó epo ń wọlẹ̀ sí, ó ń fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nínú kíláàsì. Nígbà tí wọ́n kéde pé Alhaji Shehu Shagari ló tún wọlé nínú ìdìbò ọdún 1983, Awójọbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, pé màgòmágó wà níbẹ̀. Kò borí. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún náà, àwọn ológun gba ìjọba.

Àwọn kan tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń kábàámọ̀ pé ìjà òṣèlú gba àkókò tó yẹ kó fi ṣe ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tó rí i pé ohun tó ṣe kò rí ẹni gbé e, ó yẹ kó bèèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ nínú.

Kò dé ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá wó tí ikú fi dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1984, Ayọ̀délé Awójọbí jáde láyé. Ọmọ ọdún 47 péré ni. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Lásìkò tí Babátúndé Fáṣọlá ń ṣe gómìnà Èkó, ìjọba gbé ère rẹ̀ sí oríta Onike ní Yábàá, kò jìnnà sí ẹnubodè yunifásítì tó ti ṣiṣẹ́. Dáńfó àti kẹ̀kẹ́ ń yí ibẹ̀ po láti àárọ̀ dalẹ́, apá ọ̀tún títì ni gbogbo wọn sì ń gbà.

Ère dára. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ìtàn rẹ̀ ti máa tàn ká ni àwọn ṣọ́ọ̀bù Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, àti ní gbogbo ìlú kéékèèké tí ẹnì kan ti ń tú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi. Ọmọ tó bá wà lábẹ́ mọ́tò, kó mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kó lè fi ojú iyì wo ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì mọ̀ pé ìwé tó bá kà kún un kò ní í ṣòfò. Òbí tó bá ní ọmọ tó ń tú rédíò ilé wò, kó rò ó wò kó tó fi pàṣán lé e. Àwọn tó wà nídìí àkóso náà, kí wọ́n wádìí ẹni tó ń ṣe irú nǹkan báyìí lónìí, kó má lọ jẹ́ pé ère ni wọ́n máa fi san án fún un lẹ́yìn tó bá ti lọ.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Awójọbí sí afẹ́fẹ́ rere.